Ojú Mi Ni Ṣèkínátù Ń Wò Kó Tó Dáhùn

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ kú ìfaradà iná tí kì í dúró. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú Ọba níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣòkòtò méjì tí mo wọ̀ léra nítorí òtútù kò jẹ́ kí orúnkún mi ká dáadáa. Mo kí Bàbá mi ní oko Alajue. Mo kí gbogbo ará agbo ilé wa, àtàgbà àtọmọdé. Bùráímọ̀ àbúrò mi, ìwọ tí o ó ka lẹ́tà yìí sí Ìyá létí, jọ̀wọ́ má fo ibì kankan, kódà ibi tí mo bá ti bú ọ.

Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, tí mo gbé ọ̀rọ̀ ilé wa sí gbangba. Ọ̀pọ̀ ìyá ló wà níbí tí àwọn ìyá tiwọn náà ń béèrè ohun tí ẹ bi mí lórí fóònù: kí ló dé tí Ṣèkínátù ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, fi ń jókòó sílé nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níléèwé. Ẹ tilẹ̀ rọra béèrè bóyá owó ni kò sí. Ẹ wá ní kí n fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí yín ní Ẹdẹ, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ dáhùn.

Kì í ṣe owó, torí ọ̀fẹ́ ni iléèwé níbí. Nígbà tí a kó dé àdúgbò tuntun yìí, iléèwé tó wà nítòsí ti kún. Èyí tí wọ́n fún wa jìnnà, bọ́ọ̀sì méjì lèèyàn ń wọ̀ débẹ̀. Ìjọba ibí sì gbà kí òbí kọ́ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ní ṣebí tíṣà ni mí kí n tó kúrò ní Ẹdẹ. Èmi tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ rẹpẹtẹ nínú kíláàsì kan, ṣé tèmi kan ṣoṣo ló máa wá ṣòro?

Kò ṣòro lóòótọ́. Láàárọ̀, a ó ka Gẹ̀ẹ́sì, a ó ka Yorùbá, a ó ṣe ìṣirò. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìkẹ́rùsí. Tí wọ́n bá jí lọ́sàn-án, wọ́n á kọ́ ọ ní Kùránì. Lẹ́yìn náà la ó bọ́ sí iṣẹ́ ilé. Ó ń fọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́ ilá, ó lè rán bọ́tìnnì tó bá já. Ó lè se ìrẹsì tí kò ní jóná, èyí tí Bùráímọ̀ kò tíì lè ṣe títí di òní.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ohun tí ẹ kọ́ mi ni mo sì ń kọ́ ọ. Pàápàá jù lọ, mo kọ́ ọ ní ojú. Ẹ mọ ojú tí mò ń wí. Nígbà tí a wà ní kékeré, tí àlejò bá na nǹkan sí wa, ojú yín la kọ́kọ́ ń wò. Tí ẹ bá ṣẹ́jú, a ó gbà á. Tí ẹ bá ranjú, a ó ní a ti yó, kódà kí ebi máa pa wá kú lọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà, Ṣèkínátù sì mọ ojú mi kà ju ìwé lọ.

Ojú yìí ló kó bá wa. Ìjọba ìbílẹ̀ rán obìnrin kan wá láti wo bí ọmọ tí wọ́n ń kọ́ nílé ṣe ń ṣe sí. Ó fẹ̀rín béèrè ìwé tí Ṣèkínátù fẹ́ràn. Ọmọ wo ojú mi, mo ṣẹ́jú, ó dáhùn. Ó béèrè ohun tó máa ń bà á nínú jẹ́. Ọmọ tún wo ojú mi. Ó yọ bisikíìtì nà sí i, ọmọ ò gbà á, ojú mi ló ń wò. Inú mi tiẹ̀ ń dùn, mò ń sọ nínú ara mi pé kí Ìyá mi wá wo ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Mi ò mọ̀ pé obìnrin náà ń wo ojú èmi náà. Nígbà tó ń lọ, ó sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé ọmọ mọ̀wé, àmọ́ ó jọ pé ẹ̀rù mi ń bà á, kò lè sọ tinú rẹ̀. Ó ní òun á padà wá, tí òun kò bá sì rí ìyàtọ̀, òun á kọ ọ́ pé kó padà síléèwé.

Inú bí mi, Ìyá mi. Èmi tí mi ò na ọmọ yìí rí! Mo dúró nídìí abọ́ tí mò ń fọ̀, mo sunkún. Ká ní ilé ni, ẹnì kan ì bá ti yọjú láti yàrá kejì wá bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Níbí, òjò nìkan ló ń kan fèrèsé.

Nígbà tí mo pè yín, ẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì tún dùn mí. Ẹ ní ṣebí ẹ máa ń rán mi lọ ra ata, ojú yín kò sì bá mi dé ọjà. Lẹ́yìn náà lẹ tún ní kí n kó ọmọ wá fún yín. Mo rò ó títí. Ní agbo ilé wa, tí mo bá kúrò lójú yín, ojú ìyá àgbà ni mo ń bọ́ sí, mo ń bá ọlọ́jà ná ọjà, mo ń bá ẹgbẹ́ mi jà, a sì ń parí ẹ̀ fúnra wa. Ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Níbí, ojú mi nìkan ni Ṣèkínátù ní láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Kò sẹ́ni tó lè gbé bẹ́ẹ̀ kó mọ tinú ara rẹ̀ sọ.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rán an níṣẹ́. Mo máa ń dúró síta, òun á wọ ṣọ́ọ̀bù lọ ra búrẹ́dì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ náílọ́ọ̀nù, ó wo ẹ̀yìn, kò rí mi, ló bá fi búrẹ́dì sílẹ̀ sá jáde. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ àánú rẹ̀ ṣe mí. Nígbà tó yá, òun ló ń sọ fún wọn pé búrẹ́dì yìí ti le, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Obìnrin náà padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, mo wọ ilé ìdáná lọ, mo pa ilẹ̀kùn dé, àmọ́ etí mi ò dí. Ṣèkínátù ń sọ̀rọ̀ lọ ràì. Ó ní òun fẹ́ràn bí ìyá òun ṣe ń kọ́ òun. Ó wá ní òun fẹ́ lọ síléèwé, torí ilé dákẹ́ jù, òun kò kàn fẹ́ sọ ọ́ ni, kí n má baà sunkún.

Obìnrin náà wá bá mi, ó ní ohun gbogbo dára, pé tó bá wù mí, mo lè máa kọ́ ọ nílé lọ. Ìjọba ti gbà fún mi, Ìyá mi. Ọmọ ni kò gbà. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún yín, àmọ́ ó tún wú mi lórí, torí ó ti gbọ́n tó láti sọ ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́. Àyè ti ṣí níléèwé ìtòsí, tí wọ́n bá wọlé, òun náà á wọlé.

Nítorí náà, ẹ má bínú, mi ò ní fi í ránṣẹ́ sí yín láti máa gbé. Nígbà ọlidé, a ó wá. Kí ẹ rán an níṣẹ́ dáadáa.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, kó fi àlùbáríkà sí ọjà yín àti oko Bàbá. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi. Ẹ bá Ṣèkínátù ṣe àdúà kó rí ọ̀rẹ́ gidi. Ẹ ṣe é fún èmi náà, torí láàárọ̀ ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ lọ, tí bàbá rẹ̀ ń sùn, mi ò mọ ẹni tí n ó máa bá sọ̀rọ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Rísíkátù