Abẹ́rẹ́ Ẹ̀yìn àti Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Mo Jẹ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ìsẹ́yìn,
Òwúrọ̀ Jímọ̀.

Misturat ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé Success ọmọ ọmọ mi ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Bí ẹ bá wà lálàáfíà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba. Àwa náà ń bẹ níhìn-ín, a ń jẹ, a ń mu, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, iṣu tí àbúrò rẹ Àwáwù gbìn sẹ́yìn ilé ti ń yọrí. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o pàdé ohun tí apá rẹ ò ní ká. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ á gbà ọ́. Ṣe àmín, kí o ṣe é sókè o, kí ọkọ rẹ náà bá ọ ṣe é.

Mo mọ̀ pé wàá máa wí pé kí ló dé tí bàbá òun ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù tí òun rà fún un ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Fóònù náà ń bẹ, kò sí ohun tó ṣe é, mo fi aṣọ wé e sínú àpótí kí eruku má baà kó sí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń fi í sọ̀rọ̀, mo ní láti pariwo kí ohùn mi tó dé Èkó, ọ̀nà ọ̀hún jìn, gbogbo agboolé á sì ti gbọ́ kí ìwọ tí mo ń bá sọ ọ́ tó gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ igbe. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo ní kí Táíwò awakọ̀ tó máa ń kó aṣọ òfì wá sí Èkó bá mi mú un wá.

Mo gbọ́ pé inú ń bí ọ sí mi. Àwáwù ló sọ fún mi. Ó ní ọmọbìnrin ilé ìwòsàn yẹn, Jùmọ̀kẹ́, tó máa ń kọ́ aláìsàn ní bí wọ́n ṣe ń na ara, ló pè ọ́ pé bàbá rẹ ṣorí kunkun, pé mo kọ̀ láti ṣe ohun tí òun ní kí n ṣe. Ó ní ìwọ náà wá ní tó bá jẹ́ pé mo fẹ́ fi wàhálà rẹ ṣòfò ni, kí n wí. Àbẹ̀kẹ́, mi ò fi wàhálà rẹ ṣòfò. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o tó dá ẹjọ́.

O mọ̀ bí ẹsẹ̀ òsì yìí ṣe ń ṣe mí. Láti ìdí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á gba ẹ̀yìn itan, á sọ̀ kalẹ̀ títí dé ọmọ-ìka ẹsẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ń fi iná fa ìlà sí mi lára. Mo fi òrí pa á. Àwáwù fi omi gbígbóná jó o. Mo ra oògùn lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó lọ́jà, tó ní ohun tó ń ṣe ẹsẹ̀, tó ń ṣe ojú, tó ń ṣe àgàn, oògùn kan náà ló ń wò ó. Ojú mi ló wú, ẹsẹ̀ ò gbọ́. Bí mo bá jókòó sídìí òfì, kí n tó hun aṣọ tó gùn tó apá, ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ ìtẹsẹ̀ á ti kú mọ́ mi lára. Ahunṣọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú, ta ló fẹ́ gbé òwú fún un? Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ fún ẹnikẹ́ni àyàfi ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì.

Nígbà tí o ní kí wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn mi n'Ìbàdàn, mo wọ agbádá mi, mo dé fìlà tó bá a mu, torí èèyàn kì í wọ àkísà lọ ya fọ́tò. Wọ́n bọ́ gbogbo rẹ̀ lára mi, wọ́n ní egungun ẹ̀yìn làwọn fẹ́ rí. Wọ́n tì mí sínú ihò kan tó ń pariwo bí ìgbà tí yìnyín ń bọ́ sórí páànù. Ẹnì kan wá ń sọ̀rọ̀ láti inú ihò yẹn, ó ní bàbá, ẹ kú ìnira o. Èmi náà gbórí sókè láti dá a lóhùn, torí ẹni tó há sínú irú ibẹ̀ yẹn tó ṣì ń ráyè kí èèyàn, ọmọlúàbí gidi ni. Wọ́n ní mo ti mira, mo ti ba àwòrán jẹ́, ni wọ́n bá tún un yà. Títí a fi kúrò níbẹ̀, mi ò rí ẹni náà kó jáde. Mo ti ń fi í sínú àdúrà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ọ̀sì bi mí pé láti oókan dé ẹẹ́wàá, mélòó ni ìrora mi. Mo wẹ̀yìn wò, ìyá arúgbó kan tó wá láti Kíṣí wà lẹ́yìn mi, ó ń sunkún jẹ́jẹ́. Mo ní kí wọ́n fún èmi ní méjì, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún ìyá yẹn. Nọ́ọ̀sì ní tó bá jẹ́ méjì ni, kí ni bàbá wá ṣe? Àwáwù ló bá dá sí i, ó ní bàbá òun kì í sùn, ni nọ́ọ̀sì bá kọ mẹ́sàn-án. Ó pọ̀ lójú mi, ojú ìyá yẹn sì ń tì mí, àmọ́ mi ò bá wọn jiyàn.

Dókítà ní kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń ṣe mí. Ó ní nǹkan rírọ̀ tó wà láàárín egungun ẹ̀yìn ló yọ síta, tó ń tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀, pé ẹ̀yìn ni òun máa gún lábẹ́rẹ́, kì í ṣe ẹsẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé kò gbọ́ mi yé ni. Mo wá rántí òfì. Bí òwú bá lọ́ lọ́hùn-ún níbi tí a dè é mọ́ òkúta, iwájú àyà ẹni níbí ni aṣọ á ti máa wọ́. Ahunṣọ tó bá ń fa ibi tó wọ́, aṣọ ló ń bà jẹ́, ọ̀hún ló yẹ kó lọ. Mo ní dókítà, mo ti mọ ohun tí ẹ ń sọ, ẹ gún un. Ó ní sítẹ́rọ́ìdì lorúkọ oògùn náà. Ó ní kì í tún egungun ṣe, pé ibi tó wú nídìí iṣan yẹn ló máa ń jẹ́ kó rọlẹ̀. Ó lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kan sì wà tí kì í ṣe nǹkan kan fún, a kì í sì í gbà á léraléra. Ó ní àsìkò tí ìrora bá fi sinmi yẹn ni kí n fi na ẹ̀yìn kó lè lágbára. Bó ṣe fà mí lé Jùmọ̀kẹ́ lọ́wọ́ nìyẹn.

Jùmọ̀kẹ́ tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ó ní kí n dojú bolẹ̀, kí n na ẹsẹ̀ méjèèjì, kí n fi ìgbọ̀nwọ́ gbé àyà sókè, kí n tún gbé e kalẹ̀. Òun alára wá dúró síwájú orí mi. Misturat, kí ni wọ́n ń pe ìyẹn nílé wa? Ṣé kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ ni? Ọmọ tí kò tó Àwáwù bí! Mo ní kó jẹ́ kí n jókòó ṣe é, ó ní kò ṣe é jókòó ṣe. Mo ní kó kúrò níwájú mi nígbà náà, ó bá lọ dúró síbi ẹsẹ̀ mi, ìyẹn tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo dìde, mo wọ bàtà mi.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìgbéraga lásán ni, ǹ bá gbé e mì. Ohun tí mi ò sọ fún ọ ni ọ̀rọ̀ èmi àti Bàbá Àgbà Ọláoyè, ẹ̀gbọ́n mi. Ní Iléyá tó kọjá, nígbà tí gbogbo wa lọ kí wọn, gbogbo ọkùnrin ilé dọ̀bálẹ̀. Èmi fọwọ́ ti ògiri, mo kàn tẹrí ba. Mo mọ̀ pé bí mo bá lọ sílẹ̀, wọ́n máa gbé mi dìde ni, lójú àwọn tó ń gbé òwú fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Wọn ò bá mi sọ ọ́, àwọn ẹlòmíì ni wọ́n sọ ọ́ fún, wọ́n ní owó ọmọ èmi Ràmọ́nì tó wà l'Ékòó ti sọ ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ di igi, pé mo ti di agbéraga. Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti dáhùn ìkíni mi mọ́. Ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n mí, tó kọ́ mi ní òfì, tá a jọ mu ọmú kan náà. Láti ìgbà ọyẹ́ ni wọn ò sì ti jáde nínú yàrá mọ́, ara wọn ti ń lọ sílẹ̀, oúnjẹ ò wọlé. Àbẹ̀kẹ́, ó dùn mí ju ẹsẹ̀ lọ. Ìdọ̀bálẹ̀ tí mo jẹ ẹ̀gbọ́n mi, ṣé iwájú ọmọ kékeré ni kí n ti lọ san án?

Abẹ́rẹ́ tí dókítà gún mi lẹ́yìn yẹn ò kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan, mo ti ń bú dókítà nínú ara mi. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń ṣe àlùwàlá, mo rí i pé mo ti ń dúró lórí ẹsẹ̀ òsì láìrántí pé mo ní in. Mo sunkún níbẹ̀. Mi ò lọ sídìí òfì. Yàrá ẹ̀gbọ́n mi ni mo lọ.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan sìmẹ́ńtì. Mo kí wọn, wọn ò dáhùn. O sì mọ̀ pé ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kì í dìde títí àgbà á fi ní kó dìde. Mo wà níbẹ̀. Ìgbà tó pẹ́, mo rí i pé bí wọ́n bá tilẹ̀ ní kí n dìde, mi ò lè dìde, ẹ̀yìn ti há. Wọ́n bi mí pé ṣé ibẹ̀ ni mo fẹ́ sùn ni. Mo wá ti orí ilẹ̀ níbẹ̀ tú gbogbo rẹ̀ fún wọn, ẹsẹ̀, Iléyá, ihò Ìbàdàn, abẹ́rẹ́. Mo wá gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì ń dún. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ pé wọ́n ń gbé wọn jókòó ni, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní èèyàn kì í fi ọmọ ìyá ẹni sílẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n di apá mi mú, wọ́n fà, agbára wọn ò gbé e, làwọn náà bá rọra wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

A dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ìgbà tá a jọ ń sùn lórí ẹní ìyá wa. Wọ́n ní ṣé ó ń dùn mí. Mo ní nínú mẹ́wàá, méjì ni. Wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa. La bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún fún àwa méjèèjì. Ibẹ̀ ni ìyàwó wọn, Ìyá Ìyápọ̀, bá wa nígbà tó ti ibi tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́ dé, ó rò pé a ti kú pọ̀, ó figbe bọnu, gbogbo agboolé tú jáde. Ẹsẹ̀ mi wá di ọ̀rọ̀ ìta. Kò mà sẹ́ni tó gba òwú rẹ̀ padà, wọ́n ní kí n máa hun ún díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí Àwáwù yọ fóònù nínú àpótí, kó pe Jùmọ̀kẹ́, kó béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Láràárọ̀ báyìí, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo máa ń tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, mo máa ń kọrí sí wọn, mo máa ń gbé àyà sókè, àwọn á máa fi tẹ̀sùbáà kà á. Bí mo bá ṣe ọ̀lẹ, wọn ò ní ní kí n dìde. Bá mi bẹ Jùmọ̀kẹ́. Sọ fún un pé mo ti ń ṣe é, ìdọ̀bálẹ̀ náà kàn ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín ni.

Ní ọjọ́ kan, nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n ní Ràmọ́nì, ìwọ ni kó o sọ̀ kalẹ̀ sínú sàréè gbà mí. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ọmọdé, ọwọ́ ọmọdé á máa gbọ̀n. Ibẹ̀ jìn, ó sì há, èèyàn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó lè gbé ẹni rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo ní wọn ò ní kú. Wọ́n ní kí n yé purọ́ bí mo ṣe purọ́ fún nọ́ọ̀sì.

Misturat, agbára abẹ́rẹ́ yẹn ti ń dín kù, iná yẹn ti tún ń yọjú. Dókítà ní ó di ẹ̀yìn Iléyá kí òun tó lè fún mi ní òmíràn. Mo ti fẹ́ ní kí o bẹ̀ ẹ́ kó fún ọ ní tèmi, kí o fi í sínú fíríìjì rẹ, pé ọjọ́ tí wọ́n bá pè mí ni kí Àwáwù gún un fún mi kí n sọ̀ kalẹ̀. Àwáwù ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé dókítà nìkan ló mọ ibi tí wọ́n ń gún, àti pé ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jẹ́, bẹ́ẹ̀ òkú tiwa kì í pẹ́ nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dà mí láàmú. Mo lọ sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà wọn. Ìgbà tó yá wọ́n ní kí n kọ̀wé sí ọ, kí n lọ gba abẹ́rẹ́ náà tí Iléyá bá kọjá, kí n sì jẹ́ kó jẹ́ dáadáa. Wọ́n ní àwọn á dúró dè mí. Wọ́n ní ṣùgbọ́n kí n má pẹ́ lọ́nà.

Nítorí náà, ọmọ mi, bá mi wá owó abẹ́rẹ́ náà, àti owó mọ́tò dé Ìbàdàn, má sì jẹ́ kó pẹ́. Bí o bá lè wá ní Iléyá, mú Success wá kó kúnlẹ̀ kí Bàbá Àgbà. Bí o ṣe gbé mi dìde, ọmọ tìrẹ náà á gbé ọ dìde. O ò ní sunkún mi láìpé ọjọ́. Ẹ̀yìn rẹ ò ní há, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ ọ̀nà ilé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràmọ́nì.

Bàbá Àgbà ní kí n kí ọ. Má wo bí ìwé mi ṣe wọ́, orí ẹní ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn tí mo dojú bolẹ̀ kọ ọ́. Wọn ò tíì ní kí n dìde.