Ọmọ Pupa Inú Fóònù Mercy

Odò-Ọjà,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

Tóyọ̀sí ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé o ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀? Àwa náà wà láàyè, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó ń bá wa ṣọ́ ọ ní Èkó tí ojú wa ò tó. Kò ní rẹ̀ ọ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di àtúnṣe, ẹni tí yóò fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà kò ní bá ọ pàdé. Bàbá yín ń kí ọ, orúnkún wọn ti dẹ̀ díẹ̀ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, uṣu tí wọ́n gbìn sì ti ń fà. Mo ń kọ ìwé yìí bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní súkúrù, àmọ́ bí o bá rí ulé níbi tó yẹ kí ilé wà, o mọ ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Mi ò pè ọ́ nítorí pé fóònù mi ti kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé òun ti kún. Tíṣà Ìbíkúnlé tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ló kà á fún mi. Mo wá rò ó pé bí mo bá tún da ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀ báyìí yóò bẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí o sọ fún wa pé iṣẹ́ tí o fẹ́ fi parí ẹ̀kọ́ àwòrán rẹ ni wọ́n ń pè ní insitọléṣọ̀n. Ìwọ náà mọ insitọléṣọ̀n tí a mọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Èyí tí wọ́n ṣe fún Bàbá Ìjọ wa lọ́dún tó kọjá, màlúù ni wọ́n pa, bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ló sì gbé ọ̀pá lé wọn lọ́wọ́. Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo sọ fún àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì pé wọ́n fẹ́ fi Tóyọ̀sí mi joyè ní yunifásítì, wọ́n sì gbàdúrà fún ọ lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá yín ní oyè wo ni wọ́n ń fi ọmọ tí kò tíì gba ìwé ẹ̀rí jẹ, àmọ́ mo rí i tí wọ́n gbé agbádá wọn sá sóòrùn.

Nígbà tí o wá ní kí n bá ọ wá ike ìpara tí wọ́n ti lò tán, dígí tó ti sán, kàlẹ́ńdà àtijọ́ tó ní àwòrán obìnrin, àti wíìgì tí ẹni tó ni ín ti jù nù, ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Mo bi ara mi pé irú oyè wo ni wọ́n ń fi ike ìpara jẹ. Mo tún ní bóyá bí wọ́n ti ń ṣe é ní Èkó nìyẹn. Mo gbé àpò, mo ń ti ulé dé ulé. Onídìrí mi fún mi ní ike mẹ́rìnlá, ó ní ṣé mo ti fẹ́ máa po ìpara tà ni. Mo ní rárá, ọmọ mi fẹ́ joyè ni. Ó wojú mi títí, ó ní kí Ọlọ́run ṣe é láṣeyọrí.

Ó ku díẹ̀ kí àpò kún ni mo rántí pé mi ò tíì wo inú ulé tiwa. Mo wọ yàrá Mercy àbúrò rẹ lọ́sàn-án Sátidé kan tó lọ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, mo bẹ̀rẹ̀, mo fa páálí kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ike mẹ́fà ló wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe irú èyí tí a jọ ń pa. Kò sí orúkọ iléeṣẹ́ kankan lára wọn, àwòrán obìnrin pupa kan ni, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ẹnikẹ́ni ò bí nínú rí. Márùn-ún ti tán. Ẹ̀kẹfà ku ìdajì, ipa ìka ọwọ́ ọmọ mi sì wà nínú rẹ̀.

O mọ̀ pé láti Ọdún Àjíǹde ni Mercy ti ń fi ìbomú àsìkò kòrónà bojú. Ó ní ọ̀fìnkìn ni, èmi náà ń se omi efinrin fún un mu láàárọ̀ lálẹ́. Nígbà tó dé lọ́jọ́ náà, mi ò pariwo. Mo ní kó bọ́ ọ. Tóyọ̀sí, ojú rẹ̀ burú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì pọ́n, wọ́n ń bó, abẹ́ ojú rẹ̀ sì dúdú bí ẹni tí wọ́n lù. Mo bi í pé ta ló ní kó máa fi ìpara bóra. Ó ń ká okùn ìbomú náà mọ́ ìka. Mo ní ṣé ọkùnrin ni. Ó mirí pé rárá. Mo béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, ló bá ní, Màámi, ẹ̀yin lẹ sọ pé ó rẹwà. Mo ní ta ló rẹwà? Ó lọ mú fóònù rẹ̀, ó gbé fọ́tò kan sí mi lójú, mo sì rántí.

Ìwọ ò sí nílé lóṣù kìíní, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Mo ń gúnyán ni Mercy wá bá mi pé kí n wo nǹkan nínú fóònù òun. Mo rí ọmọbìnrin pupa kan, imú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹyinjú rẹ̀ tóbi, ara rẹ̀ ń dán bí abọ́ tánganran. Mo ní ha, ọmọ ta nìyí, ẹ wo ẹwà, Ọlọ́run ò kánjú dá èyí o, sọ fún un kó wá bá wa jẹyán lọ́jọ́ Àìkú. Mercy ní ó dáa mà. Ó mú fóònù rẹ̀, ó wọlé. Mi ò tilẹ̀ fura pé kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Òun fúnra rẹ̀ ni. Òun ló wà nínú fọ́tò náà. Ó ní nǹkan kan wà nínú fóònù tí wọ́n ń pè ní fílítà, tó máa ń sọ ojú èèyàn dà bẹ́ẹ̀. Fílítà tí mo mọ̀ láyé mi ni ti ẹ́ńjìnnì ìlọta. Ọmọ tí mo fi inú ara mi bí, tí mo fọwọ́ ara mi wẹ̀, mi ò dá a mọ̀, mo wá dúró níwájú rẹ̀, mo ń pe ẹlòmíràn wá jẹun. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí bàbá yín ti oko dé, mo sọ fún wọn. O rántí bí mo ṣe máa ń fi yín han àlejò nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Mo máa ń ní, èyí ni Tóyọ̀sí, òyìnbó mi, èyí ni Mercy, ó jọ bàbá rẹ̀ ni. Màá wá fi ẹ̀rín díẹ̀ tì í, bí ẹni tó ń bẹ àlejò pé kó má bínú. Bàbá yín jókòó, wọ́n bọ́ bàtà oko wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, Ìyá Mercy, ṣé jíjọ mi wá burú tó bẹ́ẹ̀ ni? Wọn ò pè mí ní Ìyá Mercy rí. Wọn ò sì bínú, ó ì bá sàn kí wọ́n bínú. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, wọ́n ń gbọ́ mi. Má rò pé mo ń bá ọ wí pé o pupa o, ìwọ kọ́ lo yàn án.

Lọ́jọ́ Ajé mo mú fóònù náà lọ bá ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lójú títì. Mo ní kó bá mi yọ fílítà inú rẹ̀ dà nù, n ó san owó iṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fọwọ́ mú. Ó gbé e sójú mi, ó yà mí ní fọ́tò, ó ní kí n wò ó. Obìnrin tó ń polówó ọṣẹ ni mo rí. Àpá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi, tí igi ìdáná ṣá mi nígbà tí mo lóyún rẹ, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo fọwọ́ kan ojú mi láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà. Ó wà, mo dúpẹ́. Mo ní, Ọ̀gá, ẹ dá ojú mi padà fún mi kí n tó kúrò níbí. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Mercy lọ sí ibùdó ìlera. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kó má fi nǹkan kan pa ojú mọ́ àfi èyí tí òun bá fún un, kó sì sá fún oòrùn. Kò bú u. Ó kàn ní ẹni kẹtàlá rèé lóṣù yìí.

Nígbà tí mo ń di ẹrù rẹ fún awakọ̀ tó ń ti gáréèjì Adó lọ sí Èkó, Mercy kó ike rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá. Mo ní rárá, kí ayé má baà rí wa. Ó ní, Màámi, orúkọ mi ò sí lára ẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ. Mo bá kó o sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àwọn fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ dé orí fóònù Tíṣà Ìbíkúnlé, wọ́n sì pè wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé insitọléṣọ̀n rẹ kì í ṣe oyè. Tíṣà ní èèyàn á kó nǹkan jọ, á tò ó sínú yàrá, kí àwọn ẹlòmíràn wọ ibẹ̀, kí wọ́n rìn yíká, kí wọ́n ronú. Ojú tì mí. Mi ò tíì mọ bí n ó ṣe wí fún àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì, torí àwọn méjì ti ní àwọn á bá mi lọ.

Àmọ́ mo wo iṣẹ́ rẹ. Mo rí ògiri tí o to ike sí láti ilẹ̀ dé òkè. Mo rí aṣọ oge tí o fi kọ́ tí èèyàn ò sí nínú wọn. Mo rí obìnrin tí o yà lẹ́ẹ̀méjìlá, èyí pupa, èyí àwọ̀ ewé, èyí àwọ̀ ọsàn, ojú kan náà, ẹ̀rín kan náà. Mo bi Tíṣà pé kí ló dé tí ọmọ yìí ń ya ẹnìkan ṣoṣo, ṣé àwọn tó kù kọ̀ ni? Wọ́n ní ohun tí o ń wí gan-an nìyẹn, pé gbogbo obìnrin tí wọ́n ń gbé sára ìpolówó àti inú fóònù, ojú kan náà ni wọ́n ń gbé wọ̀ wọ́n. Mo ronú kan ọmọ tí mo ní kó wá jẹyán.

Mercy gba fóònù lọ́wọ́ Tíṣà, ó ń fi ìka fẹ̀ ẹ́, ó ń fẹ̀ ẹ́, títí ó fi rí ohun tó ń wá. Ó ní, tèmi nìyẹn, ìlà kẹta láti òkè. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí a ti gbọ́ kẹ́yìn tipẹ́. Bàbá yín dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo ewúrẹ́. A ò ní ewúrẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, Mercy ò fi nǹkan bojú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú náà ò tíì dọ́gba, àwọn èèyàn wò ó, ó jẹ́ kí wọ́n wò ó. Ìyàwó pásítọ̀ tuntun bi mí pé ṣé ọmọ mi nìyí. Mo ní Mercy mi nìyẹn. Ẹnu mi fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ lọ bí ìṣe rẹ̀, mo pa á dé.

Nǹkan tí mo ń tọrọ nìyí. Tíṣà ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n á tú yàrá náà. Bí ọwọ́ rẹ bá tó o, fi owó ọkọ̀ èèyàn mẹ́ta ránṣẹ́, kí a lè wá wò ó kí ọjọ́ náà tó pé. Má fi í sí àkáǹtì mi o. Akọ̀wé bánkì sọ fún mi pé ó ti sùn, pé kí n wá kọ fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó lè jí i. Mi ò fẹ́ kó jí pẹ̀lú ebi kó gbé owó ọkọ̀ wa mì. Fi í sí ti Tíṣà. Bàbá yín ní kí n béèrè bóyá àyè ṣì wà lára ògiri, kí o ya àwọn àti Mercy pa pọ̀, kí o má bu àtíkè kankan sí i. Mo ní n ó béèrè. A ó gbé uṣu àti ẹ̀pà bọ̀. Awakọ̀ ọjọ́sí náà ló ń mú ìwé yìí bọ̀ lọ́la.

Ọwọ́ tí o fi ń yàwòrán kò ní gbọ̀n. Ojú tí Ọlọ́run fi ń wò ọ́ kò ní kúrò lára rẹ. Ohun tí o torí rẹ̀ lọ sí ìlú onílùú, wàá rí i, wàá sì gbé e délé layọ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rónkẹ́ Akínyẹlé.

Mo fẹ́ lẹ àpòòwé yìí pa ni Mercy gbà á kà. Níbi tí mo ti kọ ọ́ pé ojú rẹ̀ burú, ó fi báírò kọ "ó ti ń san" sókè rẹ̀. Mo ní kó pa á rẹ́ kí ìwé má baà rí jákujàku, ó kọ̀. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.