Ìdákẹ́jẹ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Gbẹ́ Sára Ère ní Òkè-Odi

Ilé Kejìdínlógún, Òpópónà Cedar,
Beltsville, Maryland.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Ìyá Joel, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé Joel àti ìyàwó rẹ̀ wà dáadáa, ṣé wọn ò sì fi àwọn ọmọ wọn dà ọ́ láàmú jù? Ara tèmi le, àfi ẹ̀yìn tó ń dùn mí bí mo bá ti ṣiṣẹ́ wákàtí méjìlá tán ní ọsibítù. Michelle ọmọ mi ní kí n kí ọ. Ó fi Yorùbá kí ọ fúnra rẹ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, ó ní kí o sùn dáadáa.

O ní kí n ròyìn ayẹyẹ ìrántí Ọ̀gá Fẹ̀yìntọlá, olórí ẹgbẹ́ eré wa àtijọ́, fún ọ, nítorí orúnkún ò jẹ́ kí o lè kúrò n'Íbàdàn lọ sí Òkè-Odi. Èmi náà ò lọ. Àwa ọmọ Òkè-Odi tó wà níhìn-ín péjọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Glenarden lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n sì fi íńtánẹ́ẹ̀tì so wá pọ̀ mọ́ gbọ̀ngàn ìlú nílé. À ń rí wọn lára ògiri tiwa, àwọn náà ń rí wa lára tiwọn.

Wọ́n kọ́kọ́ ṣí aṣọ lórí ère Ọ̀gá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi àtijọ́ tí ogun kankan ò wọ̀ rí. Ẹni tó gbẹ́ ère yẹn ò rí Ọ̀gá sójú rí. Ọkùnrin tó gbẹ bí igi ìdáná ni wọ́n gbé ikùn ńlá fún, wọ́n tún ní kó máa rẹ́rìn-ín. Ta ló rí eyín Ọ̀gá rí, àfi lọ́jọ́ tó bá fẹ́ lé òṣèré kan lọ? Àlhájì Kabir, alága ìgbìmọ̀, wá gba máìkì, ó ní Ọ̀gá ò bínú rí láyé rẹ̀. Omi tí mo ń mu pá mi lórí.

Lẹ́yìn náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adédàmọ́lá fi odindi ogójì ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ lórí ìdákẹ́jẹ́ inú eré wa, níbi tí ìyàwó kékeré ti dojú kọ ìyálé rẹ̀ tí kò sì lè sọ nǹkan kan. Ó ní ọ̀fọ̀ ìyá Ọ̀gá ni Ọ̀gá fi ibẹ̀ ṣe. Wọ́n sì fẹ́ gbẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn sára ère.

Ìwọ tí o jẹ́ ìyálé mi lórí ìtàgé mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1981. Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ mi ni. O ń wò mí, ẹnu mi gbẹ, mo ń retí kí ẹni tó di ìwé eré mú lẹ́yìn aṣọ ìkélé rán mi létí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan, àfi Ọ̀gá tó rọra ń pè mí ní ewúrẹ́. Nígbà tí àwọn òǹwòran wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó yí ohùn padà. Lọ́jọ́ kejì, ó ní bí mo bá la ẹnu níbẹ̀, òun á lé mi.

Wọ́n gbé máìkì fún mi nítorí èmi nìkan ni mo bá Ọ̀gá ṣeré rí láàárín wa. Màmá, opó Ọ̀gá, jókòó níwájú nílé lọ́hùn-ún, ó ń wò mí. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mi ò fẹ́ dójú tì í. Mo fẹ́ ṣe àmín sí ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n kí n jókòó. Ṣùgbọ́n ìyá Ọ̀gá tí wọ́n ní ó ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ yẹn wà láàyè lọ́dún náà, ó ń bu ẹran jẹ nínú ọbẹ̀ àwa òṣèré. Mo bá sọ òtítọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ awò ojú rẹ̀.

"Mà, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ọmọ mi, èmi ni ewúrẹ́ náà."

Àlhájì Kabir ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ, pé a ò gbọ́ ara wa dáadáa mọ́. Màmá ní kí wọ́n má pa á, kí wọ́n gbé máìkì wá.

"Èmi ni mo di ìwé mú lọ́jọ́ náà," ó ní. "Mo ti sùn lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ mi ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tiẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ gbẹ́ ìyẹn sára ère."

A rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀ ni Màmá wá bi mí bóyá torí oorun òun yẹn ni mo ṣe fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ láì dágbére fún òun. Mo ní èmi rò pé òun ló ń bínú sí mi. Ọdún mẹ́tàlélógójì, Ìyá Joel. Ojú ti àwa méjèèjì, mo sì sunkún díẹ̀ níwájú gbogbo ará Maryland.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀jọ̀gbọ́n pè mí, ó ní báwo ni kí òun ti ṣe ìwé tí òun kọ lórí eré wa. Mo ní kó jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ wà níbẹ̀, kó yọ ọ̀rọ̀ ìyá Ọ̀gá kúrò. Wọn ò ní gbẹ́ nǹkan kan mọ́ àfi orúkọ Ọ̀gá.

Ohun tó jẹ́ kí n tètè kọ̀wé nìyí: Màmá fẹ́ kí èmi àtìwọ wá ṣe ìran yẹn fún òun lẹ́bàá odi ní oṣù Kejìlá. Anna, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, ti fún mi ní ìsinmi. Bí orúnkún ò bá gbà, ìyálé á jókòó sórí àga. Màmá ní òun náà ló máa di ìwé mú.

Bá mi kí Joel, ìyàwó rẹ̀ àti gbogbo ará ilé. Má wulẹ̀ wá àwáwí kankan, mo ti sọ fún wọn pé o ń bọ̀.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,
Tolúwalọpẹ́.