Ọba Méjì Tó Bọ́ Sí Olúwanífẹ́mi Lọ́wọ́

Ìdí-Ẹmi, lẹ́bàá Ìgbòho.

Olúwanífẹ́mi, àkọ́bí mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Agbowó? Ṣé iná ń wà, ṣé omi ń yọ? Tiwa dùn níhìn-ín, ó dùn débi pé mi ò mọ ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run tó rántí ìyá rẹ lẹ́yìn gbogbo ọdún opó yóò rántí ìwọ náà lójú ọ̀nà tí o ń rìn. Láti ìgbà tí pásítọ̀ ti so èmi àti Bàbá Májẹ́kódùnmí pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wa, orin ni mo fi ń gbálẹ̀. Gbogbo abúlé ń pè mí ní ìyàwó, èmi tí ewú ti wà lórí mi, mo sì ń fi ẹ̀rín jẹ́ ẹ. Bàbá náà ti bá mi kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná, wọ́n ra bàtà fún mi, wọ́n ní ẹsẹ̀ ìyàwó àwọn kò gbọdọ̀ kan ẹ̀gún mọ́. Ewúrẹ́ dúdú náà ti bí ìbejì.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ohun tí o sọ fún mi lórí fóònù kò jẹ́ kí n gbádùn ayọ̀ yìí tán. O ní o ń bá àwọn èèyàn kan ta káàdì inú fóònù, pé wọ́n ń fún kálukú ní méjì ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì ń ṣí ìyókù sáàárín tábìlì fún gbogbo yín. O ní káàdì ọba méjì ló bọ́ sí ọ lọ́wọ́, o fi owó lé e, o tún fi lé e, àfi bí ẹnì kan tó ń jẹ́ Luke ṣe fi káàdì oníméje mẹ́ta kó gbogbo rẹ̀ lọ. Báwo ni méje lásánlàsàn ṣe lè ṣẹ́gun ọba? Mo gbé ẹjọ́ náà tọ Baálẹ̀ lọ. Wọ́n rò ó títí, wọ́n ní kò ṣòro rárá, ọba méjì kì í gbé ààfin kan, ìjà àwọn ọba náà ni méje fi ráyè wọlé. Wọ́n ní bí méjì bá tún bọ́ sí ọ lọ́wọ́, kí o dá ọ̀kan padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Bàbá rẹ tuntun kò fara mọ́ èyí. Ìdí ọpọ́n ayò ni mo bá wọn. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí n bi ọ́ bóyá o kí àwọn tí o bá nídìí tábìlì kí o tó jókòó, nítorí ẹni tó bá débi ayò gbọ́dọ̀ kí ọ̀ta tó mọ ayò ta, kó sì kí òpè tí wọ́n ń jẹ. Jọ̀wọ́, kí Luke, kí o sì béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀.

Mo wá sọ òfin tí o kọ́ mi fún wọn, pé ẹni tó bá ní káàdì méjì tó lágbára, kó fi owó sílẹ̀ nígbà tí ẹni tí tirẹ̀ kéré yóò bá a fi sí i, kó sì dákẹ́ láìfi kọ́bọ̀ kún un nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó jù ú lọ nìkan ni yóò tẹ̀ lé e. Wọ́n ní òfin náà dára, pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni odù rí, ìyẹn ọmọ ayò tí a kó jọ sínú ilé kan: bí o bá tú u láìtó àkókò, ẹlòmíràn á jẹ ẹ́, bí o bá sì dì í mọ́ra jù, á kú sí ọ lọ́wọ́. Ni Àdìó tí wọ́n jọ ń ta bá ní ẹ wo òpè tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ọ̀ta, ta ló jẹ odù ta lánàá? Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ń rí gbogbo ọmọ inú ọpọ́n, àwọn ń rí ojú Àdìó, àwọn ń gbọ́ bó ṣe ń mí, síbẹ̀ ó jẹ àwọn. Wọ́n ní ojú ta ni ọmọ yìí ń rí?

Olúwanífẹ́mi, o ní o ti wá mọ ìgbà tí à ń fi owó sílẹ̀ àti ìgbà tí à ń dákẹ́, pé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, owó ilé rẹ ni o fẹ́ fi jókòó sídìí káàdì náà. Ẹ̀rọ ìlọta bàbá tó bí ọ ni mo tà tí mo fi fún ọ lówó yẹn. Kò sí òmíràn nílẹ̀ tí a lè tà, bí onílé bá sì lé ọ jáde, ibi tí ẹ̀kọ́ rẹ máa dúró sí nìyẹn. Mi ò mọ káàdì, òfin tìrẹ náà ni mo fi wò ó: ẹni tó jù ọ́ lọ nìkan ni yóò tẹ̀ lé owó yẹn, àsìkò ìdákẹ́ nìyí.

Nítorí náà, mo ń tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ, gbogbo owó ilé náà, kí èmi fúnra mi lọ kó o fún onílé. Má fi fóònù ránṣẹ́ o, inú ibẹ̀ náà ni Luke wà, yóò rí i bó ṣe ń kọjá. Gbé e wá fúnra rẹ, wọ mọ́tò ní Òjóò lọ́jọ́ Ẹtì. Bàbá rẹ ní àwọn yóò ti wà ní gáréèjì Ìgbòho láti àárọ̀. Wọ́n ní bó bá sì jẹ́ pé owó náà ti lọ, kí o ṣáà máa bọ̀, àwọn ò ní bi ọ́ léèrè lójú ọ̀nà.

Ohun tó lágbára kò ní bọ́ sí ọ lọ́wọ́ kí ọgbọ́n ìlò rẹ̀ jìnnà sí ọ. Àmín.

Èmi ìyá rẹ, ìyàwó tuntun,
Àtọ́kẹ́.