Àga Káńsù Tí Ẹ Fi Sílẹ̀

Bàbá mi, Sájẹ́ǹtì,

Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀, Bùsọ́lá ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Ó ní kí n kọ́kọ́ sọ pé àárò yín ń sọ mí. Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ará àdúgbò wá bá mi nílé ní Ìkòsì. Wọ́n fẹ́ kọ ìwé kékeré nípa àwọn tó kọ́kọ́ ṣe káńsẹ́lọ̀ níbí. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí ẹ kò fi lò ju oṣù mẹ́jọ lọ. Mo sọ ohun tí mo ti ń sọ láti kékeré: pé Bàbá Alágbẹ̀dẹ, tí ẹ jọ wà ní káńsù, ló dìtẹ̀ mọ́ yín. Ọmọ ọmọ Bàbá Alágbẹ̀dẹ gan-an, ọkùnrin tó ti hu ewú, ló mú bírò lọ́wọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ: "Màmá, ẹ bá wa dárí ji bàbá wa." Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu mi.

Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀yin náà mọ̀.

Ṣé ẹ ṣì ń rántí òyìnbó yín, ọ̀gá ológun tí ẹ tẹ̀lé dé ogun Bọ́mà? Òun ló kọ́ yín ní ìwé kíkà nínú àgọ́, nígbà òjò. Nígbà tó padà sílùú rẹ̀, ó gbé àpótí ìbò, ó wọlé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, kò sì pé ọdún kan tó fi kúrò. Ó kọ̀wé sí yín pé ẹgbẹ́ òun ní kí òun fọwọ́ sí ohun tí òun ti ṣèlérí fáwọn ará ìlú òun pé òun kò ní í fọwọ́ sí. Ẹ máa ń ka lẹ́tà náà sókè, ẹ óò máa rẹ́rìn-ín pé òyìnbó yìí kò lè jókòó síbi kan. Lẹ́tà náà ṣì wà nínú àpótí mi. Mo mọ ibi tí ẹ ti máa ń rẹ́rìn-ín, n kò mọ èwo ni ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé.

Nígbà tí ẹ̀yin náà wọ káńsù, iléèwé ni gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ẹ ń pe orúkọ àwọn ọmọ bí ẹni ń pe orúkọ ṣọ́jà. Ẹ̀yin náà lẹ mú òfin wá: káńsẹ́lọ̀ tó bá fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ kúrò níléèwé, kó dìde lórí àga. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Tíṣà wá ní kí gbogbo ọmọ fá orí nítorí iná orí. Ọmọ ọdún méje ni mí. Irun mi gùn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ gbé mi léjìká lọ síléèwé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sá. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo sá lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà ní Ifákọ̀, n kò padà mọ́.

Bàbá Alágbẹ̀dẹ kò dìtẹ̀. Ó kàn béèrè ni, lójú gbogbo káńsù: "Sájẹ́ǹtì, tìrẹ dà? Àbí orí ọmọ tiwa nìkan ni abẹ mọ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ ní kí wọ́n fún yín lọ́jọ́ méje.

Lọ́jọ́ kẹfà, ẹ wá sí Ifákọ̀, abẹ wà nínú àpò yín. Ìyá Àgbà ń dirun fún mi. Mo di itan rẹ̀ mú, mo ké. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wò mí títí, ẹ sì yí padà. Lọ́jọ́ keje ẹ dìde lórí àga, ẹ dé fìlà, ẹ lọ sílé. Ẹ kò bá mi sọ ọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ẹ dojú kọ ìbọn ní Bọ́mà. Kí ló dé tí ẹkún ọmọ ọdún méje fi lé yín padà? Mo bínú sí yín, kí n má purọ́ kejì. Ẹ̀ bá ti fá a. Irun a máa hù. Ìwé kì í hù.

Lánàá mo ránṣẹ́ pe ọmọ ọmọ Bàbá Alágbẹ̀dẹ. Mo ní kó ṣí ìwé rẹ̀, kó fagi lé ohun tí mo sọ. Bùsọ́lá ń yọ́ ọ̀rọ̀ sí mi létí: "Grandma, ẹ jẹ́ ká sọ pé àìsàn ni." Mo ní kó panu mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ọkùnrin náà fagi lé ti tẹ́lẹ̀. Ó wá ní, "Màmá, nítorí ọ̀rọ̀ yìí, bàbá mi kì í gba iwájú ilé yín kọjá." Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí. Kò yára gbé mi dìde. N kò bá a wí.

Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́, ó sì kà á fún mi: káńsẹ́lọ̀ fipò sílẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin kan kọ iléèwé. Mo ní kì í ṣe 'ọmọ kan' lásán. Kó kọ orúkọ mi síbẹ̀.

Àárò yín ń sọ mí.

Èmi ni,
ọmọ yín tó gba àga lọ́wọ́ yín.