Ọpẹ́ àti Ìkẹ́dùn Sí Ẹbí Wẹ́dà Tí Abẹ́rẹ́ Ń Bà Lẹ́rù

Sí ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà, ìyàwó Wẹ́dà, àti gbogbo ẹbí,

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo, tí ọpẹ́ sì kún inú rẹ̀, ni àwa òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí ẹ̀jẹ̀ fi gbọ́ pé Wẹ́dà, ajórinpọ̀ tí a fi orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè, ti dákẹ́ lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. A kú ara fẹ́ra kù.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ la kọ́kọ́ mọ̀. Oríkèé ọwọ́ yín wú débi pé ẹ kò lè de bọ́tìnnì ara yín, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa gbèjà ara ti dojú ìjà kọ ara fúnra rẹ̀. Ẹ ń lo oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀. Iṣẹ́ wa ni láti mọ ohun tí oògùn náà ń ṣe sí àwọn jíìnì, ìyẹn àwọn àṣẹ àbímọ́ inú sẹ́ẹ̀lì: èwo ló ń pa lẹ́nu mọ́, èwo ló ń jí. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. A nílò ẹ̀jẹ̀ ìbátan yín kan tí ara rẹ̀ le, ká lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín.

Bí àbúrò yín ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn, gìrìpá ọkùnrin nínú aṣọ iṣẹ́ tí iná ti ta lu. Nọ́ọ̀sì yọ abẹ́rẹ́, òógùn sì bò ó. Ó ní láti kékeré lòun ti ń fi iná jó irin pọ̀, iná kò já mọ́ nǹkan lójú òun, àmọ́ kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ yẹn kúrò níwájú òun. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó dijú, ó na ọwọ́. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn nígbàkígbà tó bá wá. Ẹ̀rù náà kò fìgbà kan lọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ fún un pé kò sí ẹni tó fi dandan lé e, ó dáhùn pé:

“Ẹ̀gbọ́n mi ló pọ̀n mí dàgbà nígbà tí màmá wa kú. Tí ẹ̀jẹ̀ mi bá lè sọ ohun tó ń ṣe é fún yín, ẹ fà á.”

Nígbà tí àwọn olùfẹ̀jẹ̀sílẹ̀ wọ́n wa, ó kó àwọn wẹ́dà ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, ó jókòó ti èyí tí àyà rẹ̀ ń já, ó ní kó wo òun, ọ̀gá àwọn ojo, tó ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí a kán oògùn yẹn sí ẹ̀jẹ̀ wọn nínú ìgò, a rí i pé ohun tí oògùn yẹn ń ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì kan yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣe nínú òmíràn. Ìmọ̀ yẹn ló ran dókítà yín lọ́wọ́ láti dín oògùn yín kù, tí wíwú kò sì padà. Wẹ́dà fúnra rẹ̀ ló wá ròyìn pé ẹ fi ọwọ́ tó wú tẹ́lẹ̀ yẹn gbá òun lẹ́yìn, ó sì dun òun wọra. A kò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìtọ́jú yín lọ́dọ̀ wa kò ní dáwọ́ dúró. Iṣẹ́ tí Wẹ́dà fọwọ́ sí nìkan la ó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó kù ṣe. Bí ọmọ rẹ̀ kan bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìwádìí yìí, ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀ fún un.

Kí Ọlọ́run rẹ̀ yín lẹ́kún. Kó dúró ti ìyàwó rẹ̀ nínú ilé tó ti dákẹ́ rọ́rọ́, kó wo àwọn ọmọ dàgbà, kó sì jẹ́ kí ẹ̀rín máa ṣáájú ẹkún nígbàkígbà tí ẹ bá rántí rẹ̀. Àmín.

Àwa tí a jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́,
Gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí ẹ̀jẹ̀