Ẹja Tó Kù Nínú Àwo

Fermín, àbúrò mi,

Kú òtútù Chile o, ooru la ń bá yí ní Jaén níbí. Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀. Owó tí o fi ránṣẹ́ la fi tún òrùlé ṣe.

Ó ku ohun kan tí mi ò lè sọ lórí fóònù, torí Bàbá kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. O rántí bí gbogbo wa ṣe ń jẹ ẹja dídín nínú àwo kan lọ́dọ̀ Casilda ọlọ́tí ní ọ̀sán Sọ́ńdè. Ẹyọ tó bá kẹ́yìn, ojú máa ń ti kálukú láti mú un. Látìgbà tí o ti lọ, Bàbá á ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án, ti Fermín ni."

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, Bàbá mú un, ó jẹ ẹ́. Casilda bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá, ojú ò tiẹ̀ tì yín!"

Mo ní, "Bàbá, ti Fermín ńkọ́?"

Ó nu ọwọ́, ó wò mí. "Ta ni Fermín?"

Má tún fi owó ránṣẹ́ o. Fi wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ọlọ́run á mú ọ délé láyọ̀. Tí o bá dé, jókòó tì í, kí o mú ẹyọ tó kẹ́yìn lójú rẹ̀. Bóyá á rántí ẹni tó ń fi í pamọ́ dè.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Remedios